Ta Ló Yẹ Kó Dúró De Ẹnì Kejì?

Kí n tó gbé ìbéèrè síwájú yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìtìjú ara mi.

Ní ọdún 2023, níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìlú ní ìlú àwọn ìyá mi, wọ́n ṣètò eré ìje kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe orí títì ọlọ́dà ni wọ́n ti sá a o. Ọ̀nà oko ni: erùpẹ̀ pupa, òkúta wẹ́wẹ́, gbòǹgbò igi tó yọ sójú ọ̀nà, àti òkè mẹ́ta tí ènìyàn kò lè gùn láìmí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà náà. Àkọ́bí mi ọkùnrin jẹ́ ẹni ọdún 22. Àwa méjèèjì forúkọ sílẹ̀. Kò sí ìdí pàtàkì kan tí mo fi ṣe é ju pé ikùn mi ti ń yọ síwájú, ìyàwó mi sì ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Títí a fi dé òkè kejì, ẹ̀yìn ọmọ mi ni mò ń wò. Ó ń lọ níwájú mi bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Nígbà tí a dé ìdí òkè kẹta, mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ké sí mi pé, "Ṣéènì ti yọ, Bàbá! Ẹ máa lọ!" Mo ní, "Pẹ̀lẹ́ o!" Ṣùgbọ́n n kò dúró. Kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? Mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Ipò kẹsàn-án ni mo ṣe, òun sì ṣe ìkẹwàá.

Háà! Ẹ ò mọ bí mo ṣe yangàn tó. Ní ibi iṣẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nínú ọkọ̀, ibikíbi tí mo bá ti rí ẹni méjì, n ó ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ń rò pé a ti darúgbó, àbí? Ọmọ ọdún 22 ni mo fi sẹ́yìn lórí òkè!" Mo tilẹ̀ kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ayé yìí.

Àfi ìgbà tí a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan, tí àbúrò ìyàwó mi mú fóònù rẹ̀ jáde pé òun ya fídíò eré náà. Gbogbo wa kórí jọ. Ẹ gbọ́ ohun tí a rí. Ọmọ mi wà ní ìdí òkè kẹta, ó bẹ̀rẹ̀. Èmi kọjá. Bí mo ti kọjá tán, ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò mí bí mo ti ń làágùn gun òkè. Ó mu omi. Ó tún wò mí. Ìgbà tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dé téńté òkè ló tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì rọra ń bọ̀ lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń da àgùntàn wálé. Ṣéènì kankan kò yọ.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò jẹun.

Ìbéèrè mi rèé: kí ló dé tí mo fi bínú? Ṣebí ọmọ tí gbogbo wa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún wa ni ọmọ tí kò ní dójú tì wá láwùjọ. Ọmọ yìí rí bàbá rẹ̀ níwájú èrò, ó sì fi ipò ara rẹ̀ bò ó láṣìírí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A máa ń pa òwe yìí nígbà tí ọmọ bá fi owó ránṣẹ́ sílé, tàbí tó ra aṣọ, tàbí tó sanwó oògùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa á kò sọ fún wa bóyá gbangba ni kí òkété ti mu ún, tàbí kí ọmọ máa rọ́ ọmú sí i lẹ́nu lójú oorun, kí ó lè jí kó sì máa sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun ṣì ń dá oúnjẹ wá.

Nígbà tí ojú wá dá díẹ̀, mo pe ọmọ mi. Mo ní, "Kí ló dé tí o fi purọ́ fún mi?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo já yín sílẹ̀."

Mo ní, "Irọ́ ni irọ́ ń jẹ́."

Ọmọ náà wo ilẹ̀ títí, ó wá ní, "Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́? Ẹ̀ ń sáré lẹ́yìn mi, ẹ di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú. Mo ń bi yín pé, 'Ṣé ẹ ṣì dì mí mú?' Ẹ̀ ń dáhùn pé, 'Mo dì ọ́ mú!' Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọ̀nà jíjìn ni ẹ wà, ẹ ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà purọ́ fún mi, Bàbá. A jọ dọ́gba."

Ẹnu mi wọhò. Èmi tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́, n kò rí èsì fún un. Ọjọ́ bíi mẹ́rin ni mo fi ro ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò sí bàbá tó kọ́ ọmọ ní kẹ̀kẹ́ tí kò pa irú irọ́ yẹn. Bí tèmi bá dára, báwo ni tirẹ̀ ṣe wá burú?

Èsì tí mo rí nìyí, ẹ bá mi wò ó. Nígbà tí mo jọ̀wọ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ láìsọ fún un, ohun tó wà lára rẹ̀ gan-an ni mo jẹ́ kó rí. Ó lè dá wà lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kó mọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré sì ni irọ́ náà fi wà láyé: bó ti bojú wẹ̀yìn, àṣírí tú, ayọ̀ sì dé. Ṣùgbọ́n irọ́ ti ìdí òkè kẹta, ohun tí kò sí lára mi ló gbé wọ̀ mí. Ó fún mi ní agbára tí n kò ní, ó sì jẹ́ kí n máa gbé e kiri ọjà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irọ́ tèmi sọ ọ́ di oníkẹ̀kẹ́. Irọ́ tirẹ̀ sọ mí di oníyangàn. Bí àṣírí irọ́ kan bá tú, tí ẹni tí a pa á fún sì dúpẹ́, kò burú jù. Bí ó bá tú, tí onítọ̀hún kò lè jẹun, ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé a ti mú nǹkan rẹ̀.

Kí wá ni ọmọ ìbá ṣe? Ṣé kí ó sáré kọjá, kí ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ sínú eruku? Àbí ọ̀nà kẹta wà?

Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀nà kẹta hàn mí. Lọ́jọ́ kan ó mú fóònù rẹ̀ wá, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo eré ìje kan tí ẹnikẹ́ni kò ti lè ṣe ohun tí mo ṣe." Eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ni, ní Gúúsù Áfíríkà. Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí n sọ irú kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n.

Kẹ̀kẹ́ orí òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ kẹ̀kẹ́ tíńrín tí wọ́n fi ń sáré lórí títì. Táyà rẹ̀ sanra, ó ní eyín bí ti katakata. Gíà pọ̀ lára rẹ̀ fún gígun òkè, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ohun tó ń gba ìjàǹbá òkúta mọ́ra ní ẹsẹ̀ iwájú. Ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, ní agbègbè Marin lẹ́bàá ìlú San Francisco, ni eré rẹ̀ ti gbilẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Àwọn ọ̀dọ́ bíi Gary Fisher, Joe Breeze àti Charlie Kelly a gun àwọn òkè tó wà lẹ́bàá Mount Tamalpais, wọn a sì sáré bọ̀ nísàlẹ̀ lórí ilẹ̀ eléruku. Ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n ń pè ní Repack. Ìdí orúkọ náà ni pé búréèkì inú àgbá ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn a gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gíríìsì inú rẹ̀ á fi jó di èéfín. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àfi kí wọ́n tú u, kí wọ́n ki gíríìsì tuntun bọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọdún 1990, wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ ní Durango, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ní ọdún 1996, ó wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta.

Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó ni, Schwinn àtijọ́ tí wọ́n ti ṣe láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1950, tó wúwo bí irin ọlọ́kọ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun tó fúyẹ́ kò lè fara da òkúta. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lórí òkè yẹn, àkísà ló wúlò. Ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ lórí irin àgbà ni eré náà láti ìpìlẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Cape Epic ni wọ́n ń pe ìdíje náà. Ọdún 2004 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é; Kevin Vermaak ni orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Agbègbè Western Cape ni wọ́n ti ń sá a, oṣù kẹta ọdún sì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é; ní ọdún 2020 àrùn kòrónà kò jẹ́ kó wáyé, ní 2021 wọ́n sì sún un di oṣù kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń sá a, inú àgọ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn lálẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ìrìn náà máa ń wà láàárín kìlómítà 600 sí 700. Bí a bá kó gbogbo òkè tí wọ́n ń gùn jọ, ó lè tó mítà 15,000. Ẹ rántí pé Everest, òkè tó ga jù láyé, kò pé mítà 9,000.

Ẹnì kan kì í dá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Méjì-méjì ni. Òfin tó mú mi lọ́kàn sì rèé: láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ fi ju ìṣẹ́jú méjì lọ jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá fi ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a fi àkókò kún tiwọn gẹ́gẹ́ bí ìyà. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ìparí kò tíì dé. Ìgbà tí ẹnì kejì bá kọjá ilà ni wọ́n ń ka aago wọn. Bí ọ̀kan bá ṣàìsàn tó bọ́ sílẹ̀, ẹnì kejì lè máa bá ìrìn rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn ti kúrò nínú ìdíje.

Tọkọtaya ń sá a, ọ̀rẹ́ ń sá a, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ń sá a. Òbí àti ọmọ tó ti dàgbà náà ń sá a. Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe pín wọn. Ìpele àgbà kan wà fún àwọn tó ti pé ẹni ogójì ọdún, òmíràn wà fún àwọn tó ti pé àádọ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni ọjọ́ orí wọn gbọ́dọ̀ pé. Bí bàbá ẹni ọdún 52 bá mú ọmọkùnrin rẹ̀ ẹni ọdún 25 wá, kò sí ìpele àgbà fún wọn. Àárín àwọn géńdé ni wọn yóò wà. Bó bá jẹ́ ìyá àti ọmọkùnrin ni, tàbí bàbá àti ọmọbìnrin, wọn yóò wà láàárín àwọn takọtabo. Kò sí ẹni tó máa tìtorí ewú orí dín òkè kù fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá fi ojú inú wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú bàbá àti ọmọ bẹ́ẹ̀. Lórí òkè gígùn, ọmọ lè fi bàbá sílẹ̀. Bó bá fi í sílẹ̀, ó pa ara rẹ̀ lára. Kò sì lè díbọ́n pé ṣéènì yọ, nítorí àǹfààní kan kò sí nínú ìdíbọ́n náà: àwọn méjèèjì ni aago ń kà. Bàbá pẹ̀lú kò lè sọ pé ara òun le nígbà tí kò le, nítorí bí ó bá fi ìgbéraga jó agbára rẹ̀ tán lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta yóò tú u fó. Ọmọ gbọ́dọ̀ béèrè pé, "Ṣé ẹ ti mu omi?" Bàbá gbọ́dọ̀ dáhùn lóòótọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbà láti sá pamọ́ sẹ́yìn ọmọ rẹ̀ kí ọmọ máa la afẹ́fẹ́ níwájú. Nínú irú ìdíje méjì-méjì báyìí, a tún máa ń rí i tí ẹni tó lágbára á gbé ọwọ́ lé ẹnì kejì lẹ́yìn lórí òkè, tí á máa tì í díẹ̀díẹ̀.

Ọwọ́ ọmọ ẹni, lẹ́yìn ẹni, lójú gbogbo ayé! Bàbá mélòó ninu wa ló lè gbà á? Mo béèrè lọ́wọ́ ara mi, mo sì rí i pé n kò ní gbà. Mo tilẹ̀ mọ ibi tí mo ti kọ́ àìgbà náà.

Ní ọdún 1994, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìgbà ìsinmi ni. Bàámi di àpò kòkó gbígbẹ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, èmi gun kẹ̀kẹ́ tí a yá lọ́wọ́ aládùúgbò, a ń ti oko bọ̀. Ibà ti ń ṣe wọ́n láti ìjẹta, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ kí a pààrọ̀, kí n ru kòkó." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé mo ti di aláìlera lójú rẹ ni?" Mo pa ẹnu mi mọ́. Ta ni mo jẹ́? Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ìlú, ọwọ́ wọn kò ká búréèkì mọ́. Kẹ̀kẹ́, àpò kòkó àti Bàámi, gbogbo wọn wọ kòtò. Egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò nílé oníṣègùn egungun, wọ́n sì ń tiro títí wọ́n fi papòdà ní ọdún 2011.

Ní ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó lọ, a jọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì ṣàdéédéé sọ fún mi pé, "Àkànní, kì í ṣe òkè ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Ẹnu tí mo pa mọ́ ni." N kò lè dáhùn, nítorí èmi náà pa ẹnu tèmi mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti wá rí i báyìí. Ọmọ mi fi agbára rẹ̀ pamọ́, ó pè é ní ọ̀wọ̀. Bàbá mi fi àìlera wọn pamọ́, wọ́n pè é ní iyì. Àárín ìpamọ́ méjèèjì ni èmi wà. Nígbà tí mo bi ọmọ mi pé, "Bí o bá ti dúró dè mí ní gbangba ńkọ́, kí o ní kí a jọ gùn ún?" ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Bàbá, ẹ ò ní gbà. Ẹ máa ní ṣé ẹ ti darúgbó lójú mi ni." Ọ̀rọ̀ Bàámi gan-an ló jáde lẹ́nu ọmọ tí kò sí láyé lọ́dún 1994! Mo wá mọ̀ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ti ọmọ mi sínú irọ́. Ẹni tí kì í jẹ́ kí a ràn án lọ́wọ́ ní gbangba, ìkọ̀kọ̀ ni wọn yóò ti máa ràn án lọ́wọ́, yóò sì máa bínú nígbà tí àṣírí bá tú.

Ẹnì kan lè sọ fún mi pé, "Òfin ló fi ipá mú àwọn ará Cape Epic yẹn dúró de ara wọn. Ìfẹ́ tí òfin fi ipá mú, ṣé ìfẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ló fi ipá mú wọn forúkọ sílẹ̀? Wọ́n mọ òfin kí wọ́n tó wọlé. Ọmọ tó bá fọwọ́ sí i ti sọ ṣáájú pé, "Bàbá, fún ọjọ́ mẹ́jọ, n kò ní jìnnà sí yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ." Bàbá tó bá fọwọ́ sí i ti sọ pé, "Ọmọ mi, mo gbà kí ayé rí i pé ìwọ lò ń dúró dè mí." Òfin kò dá ìfẹ́ náà sílẹ̀, ibi tí a lè sá pamọ́ sí nìkan ló dí.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Ọmọ ọdún 25 yìí ńkọ́? Ìgbà ọ̀dọ́ kì í pẹ́. Ó lè ti bá àwọn aṣáájú dé, ó wá ń fi ọjọ́ mẹ́jọ dúró de àgbà. Ṣé kò ṣòfò?" Níbi yìí, n kò fẹ́ kí a tan ara wa. Ó pàdánù nǹkan, nǹkan ńlá sì ni. Bàbá tó bá ń sọ pé, "Kí ló pàdánù? Ṣebí èmi ni mo bí i," kò yẹ lẹ́ni tí à ń dúró dè. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè. Ẹni tí a bá fún lẹ́bùn a máa dúpẹ́.

Ọmọ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ sá tèmi." Ẹ wo ìdílé Frischknecht ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Peter, bàbá àgbà, gbajúmọ̀ nínú eré kẹ̀kẹ́ inú ẹrẹ̀. Thomas, ọmọ rẹ̀, gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré kẹ̀kẹ́ orí òkè ní Òlíḿpíìkì ọdún 1996 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Andri, ọmọ Thomas, dàgbà tó sì di asáré kẹ̀kẹ́, inú ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń darí ló ti sáré. Bàbá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ ń sá eré tirẹ̀. Èyí náà dára. Ìgbà kan wà fún kí á jọ rìn, ìgbà kan sì wà fún kí bàbá dúró lẹ́bàá ọ̀nà kó na omi sí ọmọ. Èyí tí kò dára ni kí a wà nínú ọ̀kan, kí a máa díbọ́n pé èkejì ni a wà.

Ẹ má sì rò pé àgbà nìkan ni à ń dúró dè. Ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọmọ tó bá fi ìtara jó gbogbo agbára rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní lè di ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé mọ́ lọ́jọ́ karùn-ún, kó jẹ́ pé àgbà tó ti ń ṣọ́ agbára lò ni yóò wà níwájú. Bí wọ́n bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta, ojú tó ti rí ìṣubú rí ló ń mọ ibi tí táyà yóò gbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé tó lè bá àgbà mú nǹkan nínú kèrègbè, àgbà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ọwọ́ òun kò wọ̀ ọ́.

Ní ọdún 2024, eré ọjọ́ ìlú tún kò. Ṣáájú ọjọ́ náà, èmi àti ọmọ mi jókòó sọ ọ́. Mo ní, "Lọ́dún yìí, sá eré tìrẹ." Ó ní, "Ṣé kò ní dùn yín?" Mo ní, "Yóò dùn mí díẹ̀. Sá a." Ó sá a. Ipò kẹta ló ṣe, wọ́n fún un ní fáànù kan. Èmi ṣe ìkọkàndínlógún. Nígbà tí mo dé òkè tó kẹ́yìn, mo rí i tó ti padà wá, tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú omi lọ́wọ́, tó ń pariwo pé, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá! Ó ku díẹ̀!" Gbogbo èrò yí ojú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo gba omi, mo mu ún. Ipò ìkọkàndínlógún yẹn, èmi ni mo ni ín. Kò sí fídíò kankan láyé tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà náà, bí ó bá wá sílé ní ọjọ́ Sátidé, àwa méjèèjì a gun kẹ̀kẹ́ jáde ní ìdájí. A kò gun òkè Cape Epic, ọ̀nà oko wa ni. Òfin kan ṣoṣo ni a ṣe: ẹni tó bá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé, "Ó rẹ̀ mí." Ẹ má fojú kéré gbólóhùn yìí o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Òkè méjì ni mo gùn kí n tó lè sọ ọ́. Ọmọ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn dín eré kù, ó bọ́ síwájú mi kí afẹ́fẹ́ má baà bá mi, a sì jọ ń lọ.

Ta ló yẹ kó dúró de ẹnì kejì? Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá lágbára jù lọ́jọ́ náà ni, bó bá ti fínnú fíndọ̀ gbà láti jọ rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń dúró dè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ní bàbá láyé, ẹ lọ bá wọn, ẹ bi wọ́n léèrè bí ara ṣe rí, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì kejì, nítorí àkọ́kọ́ yóò jẹ́ "Mo wà dáadáa." Bí ẹ bá sì jẹ́ bàbá bí èmi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi yín lẹ́ẹ̀mejì.